Orin Ọ̀rẹ́ Onídà

Ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta, ọgọ́rùn-ún fàráǹkì. Iye tí ọmọbìnrin kan pè fún mi nìyẹn lọ́jà Ìdáàṣà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kò rẹ́rìn-ín, ojú kò sì tì í. Mo ní, "Ọmọ mi, ọsàn lò ń tà ni àbí ẹyin awó?" Ó ní, "Màmáà, ọ̀gbẹlẹ̀ ni." Ọ̀gbẹlẹ̀! Nígbà tiwa, ọsàn wẹ́wẹ́ a máa jábọ́ lẹ́yìnkùlé, ewúrẹ́ á máa fẹsẹ̀ gbá a kiri. Ẹni tó bá gbé e lọ sọ́jà láti tà, àwọn èèyàn á bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n mo sanwó. Mo so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ etí ìró mi, mo sì gba ọ̀nà ilé òkú lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe kò dára, ẹ ó sì gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n na ẹsẹ̀ mi ná. Àgbà tó bá ń kánjú sọ̀tàn, ibi tó dùn ló máa gbàgbé.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń wo sínímà, mo ń rí yín. Inú tẹlifóònù lẹ ti ń wò ó. Olúkúlùkù á fi okùn bọ etí bí ẹni tí etí ń dùn, á wá máa dá rẹ́rìn-ín níkọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà èwe mi, wọ́n á mú yín lọ fi omi tútù wẹ orí. Sínímà tiwa, ti gbogbo ìlú ni. Lẹ́yìn ìkórè, tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí ètè gbogbo wa ti là bí ilẹ̀ odò tó gbẹ, ọkùnrin kan a máa ti ìsàlẹ̀ Kútọnù gòkè wá pẹ̀lú ọkọ̀ tó ní ẹnu lórí. Baba Sínímà là ń pè é. Ọkọ̀ náà á yí ìlú ká, ẹnu orí rẹ̀ á máa pariwo títí adìẹ á fi sá kúrò lórí ẹyin. Tí oòrùn bá wọ̀, á ta aṣọ funfun sáàárín igi igbá méjì ní ìsàlẹ̀ àpáta, á gbé ẹ̀rọ iná rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo, bí ẹni pé etí wa kò ní í gbọ́ ọ níbẹ̀.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fàráǹkì ni iwájú aṣọ. Ẹni tí kò bá ní in, ẹ̀yìn aṣọ ni tirẹ̀, lórí àpáta, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán kan náà ni, kìkì pé ohun tó wà lápá ọ̀tún ti bọ́ sí apá òsì. Títí di òní, àwọn arúgbó kan wà nílùú yìí tí wọ́n máa búra fún yín pé ọwọ́ òsì ni Onídà fi ń jà. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kàn mọ̀ nínú ara yín pé bàbá wọn kò lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Onídà yìí, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ gidi tó ń jẹ́. Orí fíìmù náà ti já dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a kò sì mọ orúkọ fíìmù náà pẹ̀lú. Àárín ọ̀rọ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ ojú omi kan ń jóná, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ń fi okùn fò bí ọ̀bọ láti orí òpó kan bọ́ sórí èkejì, idà wà láàárín eyín rẹ̀. A pè é ní Onídà. Ọkùnrin kan tún wà tó ń wọ ìbọ̀wọ́ dúdú nínú ooru, tó ń fìyà jẹ àwọn aráàlú. Ìyẹn ni Gómìnà. Ẹnì kẹta ni Ọ̀rẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín kan tí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onídà. Faransé ni wọ́n ń sọ, imú ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Ẹ̀rọ iná ń kù lẹ́yìn. Olùkọ́ ilé ìwé wa a máa jókòó níwájú, tí a bá bi í pé, "Olùkọ́, kí ló wí?", á ní, "Ó ní kí wọ́n máa lọ." Gbogbo ìgbà: "Ó ní kí wọ́n máa lọ." Kò sì sẹ́ni tó ń lọ.

Orin ló gbà wá. Orin fíìmù náà, ẹ̀yin ọmọ, kì í ṣe ti ẹnì kan tàbí méjì. Ẹ kó gbogbo fèrè ayé àti gbogbo gòjé ayé sínú yàrá kan, kí ẹ tilẹ̀kùn mọ́ wọn, irú ìró tó máa gba ojú fèrèsé jáde nìyẹn, àmọ́ ìró tó mọ ibi tó ń lọ ni. Olúkúlùkù nínú fíìmù náà ló ní orin tirẹ̀. Obìnrin kan tó wà ní túbú ní gòjé tín-ín-rín kan tó ń dún bí yànmùyánmú. Kí Onídà tó yọ, fèrè idẹ á ti ké: pàà-pa-pá-pàà! Ṣé ẹ mọ̀ pé etí tiwa kò mọ bí a ṣe ń gbọ́ orin tí kò sọ̀rọ̀, a bá fún un ní ọ̀rọ̀. Fèrè Onídà ń wí pé: *Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ta ló tó bẹ́ẹ̀?* Ti Gómìnà, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀, gòjé ńlá kan tó ń kùn bí ẹlẹ́dẹ̀ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà: *Èmi ni, èmi ni, èmi náà ni.* Tí a bá ti gbọ́ *èmi ni*, àwọn ìyá á ti fa ọmọ wọn mọ́ra, kí ìbọ̀wọ́ dúdú yẹn tó yọ rárá. A kì í ṣì í. A ní ojú lè tan ni jẹ, Faransé lè tan ni jẹ, orin kì í parọ́.

Kólẹ́ẹ̀tì àti èmi la jọ ń jókòó lórí àpótí kan náà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wa, a jọ bẹ̀rẹ̀ òwò ẹ̀pà. Èmi ni ẹnu, òun ni etí. Èmi lè bú oníbàárà títí á fi rà. Òun á gbọn àpò ẹ̀pà lẹ́ẹ̀kan péré, á ní, "Òkúta wà nínú èyí," òkúta á sì wà níbẹ̀.

Nígbà yẹn kò sí zémìjàn, ọ̀kadà akérò, tó máa gbé yín lọ sí Lẹ́mà kí itọ́ ẹnu yín tó gbẹ. Ẹsẹ̀ ni. Wọ́n ní òkè Ìdáàṣà jẹ́ mọ́kànlélógójì. Èmi kò kà wọ́n, orúnkún mi ló kà wọ́n. Kólẹ́ẹ̀tì á ṣíwájú lọ bá àwọn àgbẹ̀ lóko, á tọ́ ẹ̀pà wò, á bèèrè iye. Èmi á dúró ní oríta ìsàlẹ̀ òkè pẹ̀lú àpò òfìfo àti owó. Báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá kí n gbéra? Kólẹ́ẹ̀tì ló ronú kàn án. Ó gun àpáta, ó fi ìka méjì bọ ẹnu, ó súfèé Onídà: *Ta ló tó bẹ́ẹ̀?* Òkè kan gbà á, ó jù ú fún èkejì, èkejì gbé e wá bá mi. Ìyẹn ni pé ọjà dára, kó àpò bọ̀. Tó bá jẹ́ ti Gómìnà ló súfèé, ẹ̀pà ti bàjẹ́ tàbí owó rẹ̀ ti gun òkè àjà, máa padà sílé.

Ìyá mi gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Obìnrin kì í súfèé! Ejò lẹ̀ ń pè yẹn!"

Kólẹ́ẹ̀tì ní, "Ìyá, tí ejò bá gbé ẹ̀pà wá, a máa rà á."

Kò pẹ́ tí gbogbo òkè fi ń súfèé. Àwọn tó ń lọ pọnmi, àwọn tó ń da ewúrẹ́, àwọn ará Soklógbò tó ń gbé iṣu bọ̀, gbogbo wọn. Tí àna ẹni bá ń bọ̀ láti gba ohun tó wín ni, àwọn ọmọ á ti súfèé Gómìnà láti orí àpáta, ẹni náà á sì ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Nígbà tí olùgba owó orí bá wọ̀lú, gbogbo òkè ló ń kùn. Ó rò pé ẹyẹ ni, ó máa ń sọ pé ẹyẹ ibí kò ní ohùn tó dára. Lónìí, ẹ gun àpáta yẹn kí ẹ tẹ́tí. Kí lẹ gbọ́? Ọkọ̀ àjàgbé lójú ọ̀nà Parakú, àti ẹnì kan tó ń pariwo sínú tẹlifóònù pé, "Mo ti wà lọ́nà!" nígbà tó ṣì ń wá bàtà lábẹ́ ibùsùn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí Ọ̀rẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, Baba Sínímà kò mú apá ìparí fíìmù náà wá. Ó ní eku ti jẹ ẹ́, ó ní òun máa wá òmíràn bọ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Odidi ọdún kan la fi fẹ́ràn Ọ̀rẹ́. Ṣé ẹ rí i, fèrè Onídà gan-an ló ń ké tí Ọ̀rẹ́ bá wọlé. Fèrè kan náà, *ta ló tó bẹ́ẹ̀*, bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn. Ẹnì kan sọ ajá rẹ̀ ní Ọ̀rẹ́. Àwọn ọmọbìnrin ń gbàdúrà ọkọ, wọ́n ní kí ó jọ Ọ̀rẹ́, nítorí Onídà kì í gbélé.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, apá ìparí dé. A gbé àpótí wa lọ. Onídà sùn. Ọ̀rẹ́ yọ kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀, ó lọ ṣílẹ̀kùn fún Gómìnà àti àwọn sójà rẹ̀. Fèrè sì ń ké lórí rẹ̀, fèrè èèyàn rere!

Ìlú dìde.

"Dá a dúró! Baba Sínímà, dá a dúró! Orin rẹ parọ́!"

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo fun ún."

"Ta ló fun ún? Pè é jáde!"

"Ìlú òyìnbó ló wà."

"Á kúkú wà níbẹ̀! Ó gba owó èèyàn rere, ó fi fun fèrè fún ọ̀dàlẹ̀!"

Ẹnì kan ju kúlíkúlí lu aṣọ funfun, ó ba Ọ̀rẹ́ níwájú orí gan-an. Ìdájọ́ òdodo kan ṣoṣo tí mo fojú rí nílùú yìí nìyẹn. Àwọn tó wà lẹ́yìn aṣọ kò mọ ohun tó dé, wọ́n rò pé ẹ̀rín là ń rín, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́. Nínú gbogbo rúgúdù yẹn, mo wẹ̀yìn, mo rí Kólẹ́ẹ̀tì lórí àpótí wa, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Orin kò parọ́ o. Láti èṣí ni mo ti mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ ni ọmọ yẹn. Nǹkan kan wà lábẹ́ fèrè rẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ti Onídà."

"Nǹkan wo?"

"Tẹ́tí."

Mo tẹ́tí. Ẹ̀rọ iná ni mo gbọ́, àti gbogbo ìlú tó ń bú òyìnbó. Mo ní, "O ti mọ̀ láti èṣí, o kò sọ fún mi?"

Ó fi etí ìró nu ojú, ó ní, "Ṣé o bi mí?"

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹni tí ejò kò tíì bù jẹ rí ló ń fi ìrù rẹ̀ ṣeré.

Lọ́dún yẹn ni wọ́n kan páànù sórí àwọn ìsọ̀ kan lọ́jà. Ìsọ̀ kan ṣẹ́ kù, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ọkọ̀ Parakú ń dúró síwájú rẹ̀. Ìyálọ́jà ní ẹni tó bá kó ẹ̀pà kún un kí ọjà tó ń bọ̀ tó ná ló ni ín. Kólẹ́ẹ̀tì àti èmi fọwọ́ lu àyà, a ní tiwa ni. Mo ta ẹ̀gbà ọrùn fàdákà tí ìyá mi fún mi kí n lè gba ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jí bá páànù lórí ilé kò lè mọ̀ ọ́n. Fún obìnrin tó ń tajà lójú oòrùn, ìsọ̀ yẹn túmọ̀ sí pé òjò kò ní í mọ orúkọ rẹ mọ́.

Kólẹ́ẹ̀tì ṣíwájú lọ sí Lẹ́mà. Mo dúró ní oríta, àpò wà lẹ́sẹ̀ mi, awakọ̀ ń ráhùn pé oòrùn ń pa táyà òun. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ súfèé láti orí àpáta. *Èmi ni, èmi ni, èmi náà ni.* Gómìnà. Mo fi ìka bọ ẹnu, mo bi í léèrè. Ó tún un ṣe, kedere, ó fà á gùn: *èmi náà ni.* Mo ní kí awakọ̀ máa lọ. Mo gbé àpò mi padà sílé, mo gbé ìkòkò kaná, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, pé á rìn bọ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Mo bu oúnjẹ sílẹ̀ dè é.

Oúnjẹ náà tutù.

Nígbà tí ọjà ná, mo rí ẹ̀pà nínú ìsọ̀ náà, ó kún dé páànù. Kólẹ́ẹ̀tì jókòó síwájú rẹ̀. Ọkùnrin kan láti Bohikọ́n dúró tì í, ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ni, òun ló padà di ọkọ rẹ̀. Ó ti wà pẹ̀lú rẹ̀ ní Lẹ́mà lọ́jọ́ náà, wọ́n jọ ń di ẹ̀pà sápò bó ti ń súfèé sí mi.

Mo ní, "Kólẹ́ẹ̀tì, o súfèé Gómìnà fún mi."

"Mo súfèé."

"O ní ọjà ti bàjẹ́!"

"Súfèé ni mo sú. Ìwọ lo padà sílé."

"O ti bá ọkùnrin yìí sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tá a jọ fọwọ́ lu àyà, o ti bá a sọ ọ́!"

Ó bu ẹ̀pà díẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́, kò wo ojú mi. Ó ní, "Ṣé o bi mí?"

Mo dúró níbẹ̀ bí àpò tí wọ́n tú. Àwọn oníṣòwò ń wò mí. Ọ̀tá kì í ṣeni bẹ́ẹ̀. Ọ̀tá kò mọ orin tí a ń pe ara wa.

Láti ọjọ́ náà a ń gbé ìlú kan, a ń lọ ìjọ kan, mo sì ń kí i bí ẹni tó ń tu egungun ẹja lẹ́nu. Ìsọ̀ yẹn bí ilé, ilé bí ọkọ̀. Èmi dúró lójú oòrùn. Oòrùn náà ló pa mí láró tó báyìí. Ẹ bi àwọn tó mọ̀ mí ní kékeré, mo pọ́n. Mi ò súfèé mọ́. Baba Sínímà náà wá títí ẹnìkan kò fi jáde wò ó mọ́, ó kó aṣọ rẹ̀, a kò sì rí i mọ́. Tẹlifóònù dé, gbogbo òkè panu mọ́. Àwọn èèyàn ń ṣọ̀fọ̀ àwọn igi tí wọ́n gé; èmi kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣọ̀fọ̀ súfèé.

Kólẹ́ẹ̀tì kú láìpẹ́ yìí. Bẹnadẹ́ẹ̀tì, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dàgbà jù, wá kúnlẹ̀ síwájú mi.

Mo ní, "Dìde, ọmọ. Erùpẹ̀ ló wà ńlẹ̀ yìí, ibí kì í ṣe ìsọ̀ onípáànù."

"Màmáà, ẹ má bínú. Kí ìyá wa tó lọ, wọ́n sọ orin kan. Wọ́n ní kí fáńfáà fi sin àwọn. A wá a títí nínú tẹlifóònù, a ò rí i."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"A ò mọ̀."

"Tẹlifóònù náà kò mọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ku ohun kan tí kò mọ̀."

Ó fi ẹkún rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ lè súfèé rẹ̀ fún wọn. Orin ọ̀rẹ́ ni wọ́n pè é. Wọ́n tẹnu mọ́ ọn, Màmáà. Wọ́n ní kì í ṣe ti Onídà o, ti Ọ̀rẹ́ ni."

Ṣé ẹ gbọ́ ìwọ̀sí? Orin ọ̀rẹ́! Ẹni tó tà mí ní oríta ń pe ara rẹ̀ lọ́rẹ̀ẹ́ mi láti inú pósí. Lójú tèmi, fèrè kan náà ni ti Onídà àti ti Ọ̀rẹ́, kí ni ó wá ń tẹnu mọ́ bí kò ṣe láti fi mí ṣẹlẹ́yà? Àmọ́ ọmọ kò jẹ mí ní gbèsè, ó sì kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá.

Fáńfáà, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n: àwọn ọmọkùnrin tó ń fun fèrè idẹ níbi òkú, ṣòkòtò funfun, bàtà tí kò bára mu. Wọ́n wá lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fi ìka bọ ẹnu. Eyín iwájú mi méjì ti lọ, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ sá jáde, ṣùgbọ́n orin náà mọ ọ̀nà. *Ta ló tó bẹ́ẹ̀?* Ọ̀gá wọn, tó ń fun fèrè kékeré, gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ ni ẹni tó ni fèrè ńlá tó dé lórí zémìjàn, fèrè náà lọ́ mọ́ ọn lára bí òjòlá.

Ó ní, "Màmáà, èmi ńkọ́? Kí ni màá fun?"

Ìkà wọ inú mi. Mo súfèé Gómìnà fún un. Mo ní kó máa kùn ún nísàlẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kó má dúró. Mo rò pé á da orin àwọn yòókù rú, kí fèrè rere má bàa ròkè lórí pósí ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀gá fáńfáà ní, "Ó dáa, a máa pa á pọ̀ lọ́la lójú ọ̀nà," nítorí ẹni tó ni zémìjàn ti ń bú wọn.

Ọkàn mi kò tíì balẹ̀ síbẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ra ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, ẹni tó ń fun fèrè kò gbọdọ̀ rí ẹni tó ń mu ọsàn kíkan. Itọ́ á kún ẹnu rẹ̀, fèrè á di ìkòkò omi. Ọmọdé kan ṣe é fún àwọn afunfèrè ìjọ wa lọ́dún Kérésìmesì kan, orin ìbí Jésù dà bí ìgbà tí pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀. Mo ní bí fèrè ńlá kò bá bà á jẹ́, ọsàn á bà á jẹ́.

Wọ́n gbé Kólẹ́ẹ̀tì jáde ní ìjọ lójú oòrùn. Mo ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, iwájú ọ̀gá fáńfáà gan-an. Mo tú etí ìró mi, mo yọ ọsàn kan, mo fi èékánná họ ara rẹ̀, òórùn rẹ̀ gbéra. Ọ̀gá fáńfáà gbé fèrè sẹ́nu, ó rí mi, ojú rẹ̀ là. *Ta ló tó...* ó gbọ̀n, ó fẹ́ já. Mo gbé ọsàn sẹ́nu. Ó gbìyànjú, ó tún un mú: *Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ta ló tó bẹ́ẹ̀?*

Fèrè ńlá wá dáhùn láti ìsàlẹ̀: *Èmi ni. Èmi ni. Èmi náà ni.*

Ọsàn dúró lẹ́nu mi láìgé.

Kò da nǹkan kan rú. Wọ́n wọ ara wọn bí ọwọ́ àti ìbọ̀wọ́. Òun gan-an nìyẹn, orin Ọ̀rẹ́, bó ṣe dún lórí aṣọ funfun nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀: fèrè rere lókè, Gómìnà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí Kólẹ́ẹ̀tì gbọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ iná kò jẹ́ kí n gbọ́. Òun ló ní kí wọ́n fi sin òun. Ó ní kì í ṣe ti Onídà. Ó tẹnu mọ́ ọn.

Fèrè kékeré ń béèrè: *Ta ló tó bẹ́ẹ̀?* Láti inú idẹ ńlá yẹn, lórí pósí rẹ̀, níwájú ọmọ rẹ̀ àti gbogbo ìlú: *Èmi ni.* Ó ní mi ò bi òun rí. Mo bi í wàyí, ó sì dáhùn. Kódà lọ́jọ́ Lẹ́mà, ohun tó súfèé sí mi lẹ́ẹ̀mejì láti orí àpáta kò yàtọ̀ sí i. Èmi ni mo gbọ́ "padà sílé".

Àwọn èèyàn ń jó. Bẹnadẹ́ẹ̀tì ń jó, ó ń sunkún, ó na ọwọ́ sí mi pé kí n wá. Kò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń wí. Mi ò sọ fún un. Mo jó díẹ̀, nítorí orin náà dùn, orin náà ti máa ń dùn. Ẹ má sì rò pé mo dárí jì í. Ìjẹ́wọ́ tí a dì sínú pósí, ojú ta ni a fẹ́ wò gbà á? Oòrùn tó pa mí kò padà sẹ́yìn. Ì bá ti súfèé orin Ọ̀rẹ́ yìí fún mi nígbà tí mo ní eyín láti dá a lóhùn.

Nígbà tí wọ́n kúrò ní ibojì, ọ̀gá fáńfáà wá bá mi lábẹ́ igi, ètè rẹ̀ wú.

"Màmáà, ọsàn yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lójú ọ̀nà. Ọ̀fun mi ti gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi."

"Mo ń tà á ni. Àádọ́ta fàráǹkì ni ọ̀kan."

"Háà, Màmáà! Ó wọ́n!"

Mo ní, "Ọ̀gbẹlẹ̀ ni."

Ó ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbà ìyá mi lọ, ìsọ̀ lọ, etí tó ń gbọ́ fún mi lọ, ó ti wà nínú ilẹ̀ báyìí pẹ̀lú ohun gbogbo tó mọ̀ tí kò sọ. Mo jókòó, mo ka owó ọmọ náà sórí ìró mi, mo yọ ọgọ́rùn-ún tí mo fi ra ọjà kúrò. Èrè mi lára Kólẹ́ẹ̀tì, láti ọjọ́ tí a ti jọ jókòó lórí àpótí kan náà títí dé ẹnu ibojì: àádọ́ta fàráǹkì.